Èéfín tí Èkó kò kà: àṣìṣe tí àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń ṣe lórí àdéhùn àwọn ìlú ńlá

Ẹ dúró ní oríta Ṣàgámù lóru ọjọ́ kan, kí ẹ ka tírélà tó ń kọjá fún wákàtí kan péré. Sìmẹ́ǹtì ń lọ. Pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó ń lọ. Àpò èédú, gàrí, obì, òkúta tí wọ́n fọ́ fún ilé kíkọ́, Èkó ni gbogbo wọn kọjú sí. Ohun tó ń ti Èkó bọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ òfìfo, ẹrù Ìdúmọ̀tà, àti àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ wá sílé nítorí Ojúde Ọba.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa nígbàkígbà tí rédíò bá ní àwọn olórí ìlú ńlá àgbáyé tún ti pé jọ lórí bí wọn yóò ṣe dín afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń há ooru mọ́ ayé, kù. Wọn á ní, "Ọ̀rọ̀ Èkó nìyẹn." Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọdún kẹsàn-án rèé, ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ló sì ti ọwọ́ èmi gan-an wá.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Èkó ni

Lọ́dún 2005, Ken Livingstone tó jẹ́ méyọ̀ London nígbà náà pe àwọn aṣojú ìlú ńlá 18 jọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n di 40, ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, C40, ti wá. Lónìí wọ́n ti ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún, Èkó sì wà lára wọn. Èkó ti ṣe ìlérí pé nígbà tó bá fi di 2050, ohun tí òun ń tú sójú ọ̀run kò ní ju ohun tí òun ń rí mú kúrò níbẹ̀ lọ. Ìlérí ti Nàìjíríà lápapọ̀, èyí tí ìjọba ṣe ní ìpàdé ojú ọjọ́ àgbáyé ní Glasgow lọ́dún 2021, 2060 ni.

Ẹ wo ọdún méjèèjì dáadáa. Èkó fẹ́ fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ilé. Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ilé-iṣẹ́ tí Èkó bá ní kó dín èéfín kù lè rí i pé ó rọrùn láti kó ẹrù rẹ̀ kọjá ààlà ju kó ra ẹ̀rọ tuntun lọ. Ta ni ó wà lẹ́yìn ààlà? Rẹ́mọ ni. Ìjẹ̀bú ni. Kò sí ẹni tó ní láti ní ìkà nínú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ wa kò wọ́n tó ti Èkó, ọ̀nà márosẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Ẹ má gba ìwé ìṣirò láì béèrè ibi tí wọ́n fa ìlà sí

Níbí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, a kì í fi ìṣirò ṣeré.

Láti 2014 ni ìlànà kan ti wà tí àwọn ìlú ńlá jọ ń lò láti ka èéfín wọn, kí ìlú kan má baà máa fi agolo wọn nígbà tí èkejì ń fi kóńgò wọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé èésú ṣe é. Ìwé náà ní òpó mẹ́ta. Òpó kìíní ni ohun tó jóná láàárín ìlú gan-an: bẹntiróò, dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì ìdáná, jẹnẹrétọ̀. Òpó kejì ni iná mànàmáná tí ìlú lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni wọ́n ti pèsè rẹ̀. Òpó kẹta ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi nítorí ìlú náà. Òpó kẹta yìí ni ìjàngbọ̀n wà. Pàǹtírí tí ìlú kó lọ sóde wà níbẹ̀. Ìrìn-àjò tó ré ààlà kọjá náà láyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì, pákó, oúnjẹ àti èédú tí ìlú rà wọlé, ìlànà kò fi dandan mú ìlú kankan pé kó kọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ wá mú àpò sìmẹ́ǹtì kan. Tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì kan máa ń tú nǹkan bí 600 kílò afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde kó tó di sìmẹ́ǹtì. Àpò kan jẹ́ 50 kílò, nítorí náà nǹkan bí 30 kílò ló wà lórí rẹ̀. Ẹ sì má rò pé iná tí wọ́n fi ń yan án nìkan ló fà á. Ohun tó ju ìdajì lọ ń ti inú òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ jáde nígbà tí ooru bá tú u, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tiẹ̀ fi sólà yan án, ìyẹn yóò ṣì jáde. Bí ẹnì kan bá wá fi ẹgbẹ̀rún àpò kọ́ ilé ní Lẹ́kí, tọ́ọ̀nù 30 nìyẹn. Tó bá jẹ́ Ṣàgámù ni wọ́n ti ṣe sìmẹ́ǹtì náà, ọrùn wa ni tọ́ọ̀nù 30 yẹn wà. Ilé wà ní Èkó, orúkọ wà nílé wa.

Kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú ló dá ẹjọ́ yìí sílẹ̀ o. Ẹgbẹ́ C40 fúnra wọn ṣe ìṣirò náà, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2018. Wọ́n mú ìlú 79 nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ka ohun tí àwọn ará ìlú náà rà àti ohun tí wọ́n jẹ, níbikíbi tí wọ́n ti ṣe é. Iye tó jáde fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n máa ń gbé kiri lọ.

Èmi kò sọ pé Èkó ń ṣe màgòmágó. Ibì kan ni ìlà gbọ́dọ̀ wà, tí a bá sì ka nǹkan kan sọ́rùn ẹni méjì, ìṣirò ti dàrú. Ṣùgbọ́n kí àwọn aṣojú wa jókòó ti aṣojú Èkó, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún àṣeyọrí rẹ̀, kí wọ́n má béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ dín kù yìí, ṣé ó kú ni àbí ó ṣí wá sọ́dọ̀ wa?", àṣìṣe tiwa nìyẹn. Ẹlòmíràn nínú wa á sì tún bọ́ sápá kejì, á ní gbogbo èéfín tó wà nílẹ̀ yìí, Èkó ló ni ín. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún láti Ìtà Ọsù dé Fólágbadé, ta ló ni ìyẹn?

Ẹ má fi ojú wá a

Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí àwọn ìlú ń torí rẹ̀ ṣe ìpàdé kò láwọ̀, kò sì ní òórùn. Dúdú tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, ó yẹ ká sá fún un, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ń wò pé kò rú èéfín ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Lítà bẹntiróò kan tó bá jóná máa ń di nǹkan bí kílò 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ti dísẹ́ẹ̀lì tó nǹkan bí 2.7. Ilé tó bá ń da lítà márùn-ún sí jẹnẹrétọ̀ lójúmọ́, ọdún kan rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí, mo rò pé mo ti gbé àmì kan sí ibi tí kò yẹ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí Èkó ka tirẹ̀ fún ètò 2020 sí 2025. Gbogbo wọn rò pé ọkọ̀ ni yóò gba ipò kìíní. Agbára tí wọ́n ń lò nínú ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-iṣẹ́ ló kó ju ìdajì lọ, pàǹtírí tẹ̀ lé e, ọkọ̀ sì wá ṣe ìkẹta. Pàǹtírí tó bá ń jẹrà níbi tí atẹ́gùn kò dé máa ń tú gáàsì mẹ́táànì jáde, tí agbára rẹ̀ láti há ooru mọ́lẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 28 ti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń rùn lẹ́yìn búkà ìyangàrí yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sá a kó gbẹ fún ewúrẹ́, owó ni.

Ẹ má retí pé wọ́n ń pín owó

Ní ìpàdé wa kan, alàgbà kan dìde, ó ní, "Akọ̀wé, a gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti fún Èkó ní dọ́là èéfín. Tiwa dà?" Mo ní, "Bàbá, C40 kì í ṣe báńkì." Inú wọn kò dùn sí mi lọ́jọ́ náà.

Ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fúnni ni ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn, àti àwọn amọ̀ṣẹ́ tí ń bá ìlú ṣe ìṣirò. Owó ńláńlá sábà máa ń jẹ́ yíyá, a ó sì san án. Kódà kí C40 tó dá sílẹ̀ ni ìlú ti ń kọ́ṣẹ́ lára ìlú. Curitiba ní Brazil ló ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ní 1974. Bogotá ní Kòlóńbíà mú un tóbi sí i ní 2000. Àwọn òṣìṣẹ́ Èkó lọ wò ó, wọ́n bọ̀ wálé, wọ́n gé e bí ó ṣe bá àpò wọn mu, Báńkì Àgbáyé sì yá wọn lówó. Oṣù kẹta 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ní ẹ̀sùn tirẹ̀ láti kà, àmọ́ bọ́ọ̀sì náà ń rìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tan yín pé ìlú ńlá nìkan ni àyè wà fún. Àjọ Májẹ̀mú àwọn Méyọ̀ lágbàáyé ní ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ tó ju 10,000 lọ, àwọn kan nínú wọn kò tó Ìpẹru.

Ọ̀rọ̀ ìlú tí wọ́n ń fi ṣe àwòkọ́ṣe ńkọ́? Shenzhen ní Ṣáínà yí gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ̀, nǹkan bí 16,000, sí oníná mànàmáná kí 2017 tó parí. Ó dára púpọ̀. Ẹ bi ara yín níye wákàtí tí ẹ rí iná lánàá kí ẹ tó sọ pé ká ṣe bẹ́ẹ̀. Copenhagen ní Denmark, tí gbogbo ayé ń yìn, sọ pé èéfín kábọ́ọ̀nù òun yóò wà ní òdo ní 2025. Ní 2022 wọ́n jẹ́wọ́ pé kò ní ṣeé ṣe, nítorí wọn kò rí owó ẹ̀rọ tí yóò máa mú kábọ́ọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí. Wọ́n jẹ́wọ́ ní gbangba ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Níhìn-ín, a ò bá ti yí ọdún rẹ̀ padà nínú ìwé.

Ẹ má gbin igi fún fọ́tò

Èyí ni tèmi. Oṣù kọkànlá ni, òjò ti dáwọ́ dúró pátápátá. Mo ní kí ẹgbẹ́ wa gbin igi 300 lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ nínú ìròyìn ìlú òkèèrè. A rán aṣọ, a gbé ìlù, a gbẹ́ ihò tí kò jìn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé "igi 300". Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ fi máa rọ̀, màlúù ti jẹ díẹ̀, iná igbó ti jó díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì kàn gbẹ. Mo ka èyí tó kù: mẹ́rìnlá. Ìwé ìpàdé ṣì ń sọ pé 300.

Ìṣirò tí àwọn èèyàn sábà máa ń lò ni pé igi ńlá tó ti dàgbà lè fa nǹkan bí 20 kílò afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lọ́dún, ó sì yàtọ̀ láti igi dé igi. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn yóò gba nǹkan bí igi ńlá 200. Igi mẹ́rìnlá mi, tí èyí tó ga jù kò tíì dé èjìká mi, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá máa gbìn, kó gbìn ín ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, kó sì ti mọ orúkọ ẹni tí yóò máa pọn omi kó tó ra aṣọ ẹgbẹ́.

Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé ẹni tó ní afẹ́fẹ́ lòun fẹ́ rà

Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹbí ìyá mi, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọkùnrin kan wá, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Ilé-iṣẹ́ wa kò ní gba ilẹ̀ yín o. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ yín nìkan la fẹ́ rà." Olórí ẹbí wa wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, tí ẹ bá ra afẹ́fẹ́, ṣé mo ṣì lè máa mí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìwé tí ọmọkùnrin náà fà yọ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ogójì ọdún ló wà nínú rẹ̀. Ẹbí kò gbọdọ̀ gé igi, kò gbọdọ̀ dá oko tuntun, kò gbọdọ̀ sun èédú. Ohun tí ẹbí yóò gbà? "Ìpín nínú èrè lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó." Iye ìpín náà kò sí níbẹ̀. Ìnáwó ta? Kò sí níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì kábọ́ọ̀nù wà lóòótọ́, kì í ṣe gbájú-ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kírẹ́díìtì kan dúró fún tọ́ọ̀nù kan tí kò lọ sójú ọ̀run. Ilé-iṣẹ́ tàbí orílẹ̀-èdè tí kò lè dín tirẹ̀ kù tó lè ra ti ẹlòmíràn kó fi dí ihò ìwé rẹ̀. Abala kẹfà àdéhùn Paris ti 2015, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ojú ọjọ́, fàyè gba irú òwò yìí láàárín orílẹ̀-èdè, ní Baku ní 2024 ni wọ́n sì parí ìlànà rẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn agbódegbà kì í sọ: tọ́ọ̀nù tí Nàìjíríà bá tà sókè òkun lábẹ́ ìlànà yìí, Nàìjíríà kò tún lè kà á mọ́ ti ara rẹ̀. Èèyàn méjì kì í kó èésú kan. Bí a bá ta èyí tó rọrùn jù fún àlejò lówó pọ́ọ́kú, èyí tó le ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa láti fi mú ìlérí 2060 ṣẹ.

Ẹ má rò pé ẹbí kékeré nìkan ni wọ́n ń wá. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ kan láti Dubai ń bá ìjọba Liberia dúnàádúrà lórí igbó tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, fún ọgbọ̀n ọdún.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi àtàǹpàkò kan yíǹkì: lábẹ́ òfin àti àṣà wa, olórí ẹbí kò lè dá ilẹ̀ ẹbí ṣe. Tí àwọn àgbà ìdí-igi kò bá fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè da àdéhùn náà nù, tí olórí ẹbí kò bá sì sí níbẹ̀, kò sí àdéhùn rárá. Kí agbẹjọ́rò tí ẹ fúnra yín sanwó fún túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá lójú gbogbo ẹbí, títí kan àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́ igi ìdáná níbẹ̀, nítorí àwọn ni àdéhùn náà yóò kọ́kọ́ lé jáde. Ẹ béèrè tọ́ọ̀nù mélòó, ta ni yóò wá wọ̀n ọ́n, ọdún wo ni owó àkọ́kọ́ yóò wọlé. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san gbèsè bí iná bá jó igbó náà. Ẹni tó bá sì ń ta igbó Ọmọ ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú fún yín, ẹ lé e. Igbó ọba ni, ó tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin, erin ṣì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹbí kan tó ní in láti tà.

Ọmọkùnrin wa yẹn kò padà wá mọ́ lẹ́yìn tí a ní kó fún wa ní ẹ̀dà ìwé náà láti mú lọ sílé.

Ẹ má gbàgbé ibi tí bátìrì ń lọ kú sí

Mo ra sólà ní ọdún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, 2023. Ìnfátà kan, bátìrì olómi méjì. Inú mi dùn, mo pa jẹnẹrétọ̀ tì, tọ́ọ̀nù mẹ́rin mi sọ̀ kalẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta, bátìrì méjèèjì kú. Mọ́là tó ń ra irin àlòkù dé ẹnu ọ̀nà, ó dá iye lé e, ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e fún un.

Ọmọ mi obìnrin ló bi mí pé, "Dádì, níbo ló ń gbé e lọ?" Òjé ló wà nínú bátìrì yẹn. Ní Ògìjo, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù wa níbí, àwọn ilé-iṣẹ́ wà tí ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ìròyìn tó jáde ní 2025 sọ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé àyíká ibẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé nínú ọ̀pọ̀ wọn, àtọmọdé àtàgbà, àti pé òjé ibẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sí òpó kankan fún òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé nínú ìwé kábọ́ọ̀nù tí mo ṣàlàyé lókè.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹni tó ta bátìrì náà fún mi pé kó gbà á padà, kó fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ bó ṣe yẹ. Kò tíì fèsì. Bátìrì méjèèjì wà lẹ́yìn ilé, lórí pákó, mo fi tapólíìnì bò wọ́n. Mọ́là ti padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń fi owó kún un.